Ọ̀já Tí Mo Fi Di Ẹsẹ̀ Mi

Mo fẹ́ nu erùpẹ̀ kúrò lójúgun ni mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ibi tí mo tẹ̀ kò dìde. Ó jìn síbẹ̀, bí ojú iyán tí ọmọdé fi ìka tẹ̀.

Aṣọ òfì ni mo ń hun ní Òkè-Bùkún. Ẹni tó bá ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀, nítorí náà n kò kà á sí. Aṣọ pupa tí a ó fi ṣe ìsìnkú bàbá ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ sì ti ń sún mọ́. Nígbà tí ojú mi náà wú, àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ mi ń tọ́jú mi. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ahunṣọ gbà pé ohun tó bá dẹ̀, kí a fà á le ni. Mo mú ọ̀já tí mo hun fúnra mi, mo fi di ojúgun méjèèjì gírígírí, kí omi lè padà sókè. Agídí mi nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, awọ ẹsẹ̀ òsì bẹ́, omi tí kò ní àwọ̀ ń sun jáde, ọ̀já rin gbingbin. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Bí omi bá lè gba ara ènìyàn kọjá báyìí, kí ló kù tí kò ní í jò?

Ọ̀kadà ni ọkọ mi fi gbé mi dé ilé ìwòsàn ní Kàbà. Wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ike, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, a sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yí. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ẹsẹ̀ mi, ó rọra sún kúrò.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré lọ́jọ́ orí sí mi. Ó tú ọ̀já, ó béèrè ẹni tó hun ún, ó sì nà án sójú fèrèsé.

“Màmá, bí aṣọ yìí ni ògiri òpójẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, tó tínrín jù lọ rí. Omi ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, tó jọ funfun ẹyin, ló ń fa omi náà mọ́ra. Tiyín ti ń bá ìtọ̀ lọ.”

Albúmínì ni wọ́n ń pe èròjà náà. Inú omi ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Ojú àwọn òpójẹ̀ inú kíndìnrín mi ti là jù, wọn kò lè dá a dúró mọ́. Òun ló ń hó nínú ìtọ̀. Bó ṣe ń dínkù ni omi ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ọ̀já mi kò lè dí ihò tí kò sí ní ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún kòkòrò àrùn.

Wọ́n gbé mi lọ sí Lọ́kọ́ja. Níbẹ̀ ni omi ti dé àyà mi, ìjókòó ni mo fi ń sùn. Ìyá ọkọ mi wá. “Okun, ìyàwó mi,” ni wọ́n fi kí mi, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

“Aṣọ pupa tó wà lórí òfì yẹn, ta ni yóò parí rẹ̀?”

Aṣọ ọkọ wọn ni wọ́n ń béèrè, mo mọ̀. Síbẹ̀, ó ṣe mí bíi pé èmi ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí lára.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń dá àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn lẹ́kun, nítorí àwọn ló ń bá kíndìnrín mi jà, àti èyí tó ń múni tọ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, oògùn àkọ́kọ́ yẹn ò jẹ́ kí n sùn, ó sì ń mú inú bí mi sí ẹni tó ń bọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó ìtọ̀ dínkù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí kókósẹ̀ mi, mo sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń hun òfì ló parí aṣọ náà. Ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò rí ibi tí ọwọ́ mi ti dúró tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní àìsàn náà lè padà wá, n kò sì ní í purọ́ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀. Bí ìtọ̀ rẹ bá ń hó, má fi ṣe ẹ̀rín, gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tí mo fi agídí dì lókùn tí kò sì kọ̀ mí.

Láràárọ̀, kí n tó wẹ̀, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, màá gbé ọwọ́ kúrò. Títí di òní, ó ń dìde.