Ọgbà Tí Àyànbọ́lá Dá sí Ṣangíṣà

Nígbà tí ọkọ Àyànbọ́lá kú ní ọdún 2001, yàrá méjì ni àwọn ẹbí ọkọ fi sílẹ̀ fún òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Moyọ̀sọ́rẹ. Lẹ́yìn ilé náà ni ilẹ̀ kan wà tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí àbàtà. Bánjọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ni ín, ṣùgbọ́n ààtàn ni gbogbo àdúgbò fi ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ìsìnkú, Bánjọ nawọ́ sí ìdọ̀tí yẹn.

Ó ní, "Ìyàwó wa, tó o bá lè ro ó, máa fi jẹun. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe."

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Àyànbọ́lá, oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ṣa ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ò lọ́ràá rárá, ló bá ń lọ sí Mile 12 lọ tọrọ tòmátì àti ẹ̀fọ́ tó ti jẹrà, ó ń kó wọn sínú àpò wọ bọ́ọ̀sì wálé láti fi ṣe ajílẹ̀.

"Mummy, ẹ sọ̀kalẹ̀ jọ̀ọ́!" ni kọ́ńdọ́ kan pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. "Àbí òkú lẹ gbé?"

Ó sọ̀kalẹ̀ ní Kétu, ó ru àpò náà, ó fẹsẹ̀ rìn délé, omi tòmátì ń ṣàn sí i lọ́rùn.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, ó gbin àgbàdo, ilá àti ẹ̀gẹ́. Ó ri ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tó rọ̀, ó fi kókò sí etí àbàtà, ó sì jẹ́ kí ìtàkùn ọ̀dùnkún bo ilẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Àárín wọn ló gbin àwọn igi tí yóò pẹ́ sí: máńgòrò, ọsàn, píà. Ó gbin àgbálùmọ̀ pẹ̀lú, láti inú kóró èyí tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ jẹ kẹ́yìn.

Ọ̀yẹ́ ọdún kìíní pa púpọ̀ nínú wọn. Ó tún gbìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń pọnmi láti kànga láràárọ̀, kóun tó lọ dirun fún àwọn èèyàn ní Ìkòṣì. Nígbà tó yá, igi ṣíji bo igi, ewé já bọ́ sílẹ̀, ó rà, ó di ọ̀rá ilẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n ń já ṣọkọ̀ àti ewúro. Àgbàdo kejì ń bọ̀ nígbà àrọ̀kúrò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà. Ọgbà yẹn ló bọ́ Moyọ̀sọ́rẹ títí ó fi parí ẹ̀kọ́ tó sì ríṣẹ́. Bánjọ náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo tó bá wá.

Ní ìparí ọdún 2008, àgbálùmọ̀ so fún ìgbà àkọ́kọ́. Èso náà ṣì tutù minimini nígbà tí Bánjọ dé, kò tilẹ̀ jókòó.

Ó ní, "Mo ti ta ilẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, igi mi ńkọ́?"

"Wọn ò fẹ́ ewé kankan níbẹ̀. Èkó la wà, kì í ṣe oko."

Àyànbọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àgbálùmọ̀ yìí pọ́n. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ so."

"Katapílà ò mọ àgbálùmọ̀," ni Bánjọ wí, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àyànbọ́lá mú àdá àti àáké. Moyọ̀sọ́rẹ dì í lápá mú. "Mummy mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀!"

"Wọ́n á wó o náà ni. Èmi tí mo gbìn ín ni màá gé e."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọrùn. Máńgòrò àti píà gbà á lágbára. Nígbà tó kan àgbálùmọ̀, oje funfun ta sí i lójú, kò nù ún. Kò dáwọ́ dúró títí kò fi sí igi kan lóòró mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ jíìpù kan ti Magodo wá. Obìnrin tó ń jẹ́ Mrs. George bọ́ sílẹ̀, ó rí ọgbà náà, ó káwọ́ lérí.

"Jésù! Ta ló gé wọn?"

"Èmi ni," ni Àyànbọ́lá dáhùn.

"Nítorí igi wọ̀nyí la ṣe ra ilẹ̀ yìí! A sọ fún Bánjọ pé òkè lọ́hùn-ún la máa kọ́lé sí, pé kí ẹni tó gbìn wọ́n máa bá wa tọ́jú wọn. Kò sọ fún yín ni?"

Àyànbọ́lá jókòó sórí igi tó ti gé.

Níwájú ẹbí, Bánjọ ò sẹ́. Ó ní tí Àyànbọ́lá bá mọ̀ pé igi òun ló jẹ́ kí ilẹ̀ tà, ó lè ní òun fẹ́ ìpín tòun. Àwọn àgbà ní kí Bánjọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àyànbọ́lá. Ó tọrọ ẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Mrs. George bínú títí, ó ní kí wọ́n da kọnkéré sórí ilẹ̀ náà pátápátá.

Àyànbọ́lá fi yàrá méjì tí ẹbí ọkọ fún un sílẹ̀, ó kó lọ sí yàrá kan ní Kétu. Lọ́jọ́ kan, Moyọ̀sọ́rẹ ò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ó ní, "Mummy mi, kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ bi àwọn tó rà á léèrè?"

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ló bi èmi léèrè?"