Àwo Dísíkò Nílé Opó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ní Ifọ̀ nítorí àwo dísíkò kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ, mi ò ní bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lórí pééjì yìí mọ̀ mí. Kọ́tìnnì ni mò ń rán ní Mówè. Àmọ́ tí mo bá ti pa máṣíìnì, orin ijó àtijọ́ ni mò ń wá kiri, pàápàá dísíkò táwọn ará ilé wa ṣe tí kò lókìkí, tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Tí mo bá rí ọ̀kan, màá tan án fún yín láìfù lórí pééjì yìí. Ọkọ mi sọ pé àìsàn ni ìyẹn. Ó ṣeé ṣe.

Sikírá, tó ń ta ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Ifọ̀ ti ṣe àwo dísíkò kan nígbà ọ̀dọ́ wọn, pé àwo náà ṣì wà lọ́wọ́ Alhaja, ìyàwó wọn. Ṣé ẹ rò pé mo tún rí abẹ́rẹ́ dì mú dáadáa lọ́jọ́ yẹn?

Ó kìlọ̀ fún mi pé Alhaja ṣì ń ṣe opó, wọn ò lè jáde. Àwo náà ò sì lè kúrò nínú ilé torí wọn ò tíì pín ogún. Mo ní kò sí wàhálà, èmi á gbé ẹ̀rọ àwo mi wá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Lójú tèmi, kí opó má ṣáà ti jáde nílé ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ ká bi ẹbí léèrè kí orin ijó tó dún níbẹ̀. Sikírá alára ò rò ó, inú rẹ̀ ti dùn jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi aṣọ kọ́tìnnì di ẹ̀rọ náà, a gba ọ̀nà Ọ̀fàdà lọ. A kúnlẹ̀ kí Alhaja ní pálọ̀ wọn. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn wọn, kò sí yẹtí, kò sí tìróò. Wọ́n fa àwo náà yọ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán ọkọ wọn wà lára páálí rẹ̀. Ṣòkòtò tí bàbá wọ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé mo lè fi rán kọ́tìnnì fèrèsé méjì!

Mo ṣí láìfù, mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Gìtá báàsì ló kọ́kọ́ wọlé, àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí láìfù lọ́jọ́ náà gbọ́ ọ. Ohùn náà dára púpọ̀.

Alhaja ò jó o. Wọ́n jókòó gbọin, wọ́n dijú, omi ń jáde lójú wọn. Wọ́n ní àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn ọkọ àwọn láti ọdún mélòó kan kí ó tó kú, pé kò lè pe orúkọ àwọn mọ́. Ẹ̀rọ àwo tiwọn náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Inú àwo yìí nìkan ni ohùn náà kù sí.

Orin ò tíì parí tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin níta. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìrun Alásárì ni. Bàbá Sikírá, àbúrò olóògbé, tó ti di olórí ẹbí báyìí, ló ṣíwájú wọn. Wọn ò wọlé, nítorí opó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ń jó nílé ẹ̀gbọ́n wọn. Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò, mo pa láìfù. Ẹ̀yin tí ẹ bú mi lọ́jọ́ yẹn pé dátà mi tán, ẹ ti gbọ́ báyìí.

Bí àwọn ọkùnrin yẹn bá gbé e lọ sọ́jà pé Alhaja ń jó dísíkò nínú opó, orúkọ burúkú tí wọ́n máa jẹ́ ní Ifọ̀ títí ayé nìyẹn. Àwọn tó tẹ̀ lé Bàbá ti ń kùn pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni. Bàbá ní ká mú àwo náà jáde, àwọn á fọ́ ọ. Sikírá wólẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́.

Alhaja dáhùn láti inú ilé, wọn ò pariwo.

“Bàbá Sikírá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ fọ́ ọ.”

Wọ́n mi orí sí mi pé kí n tan án. Mo tún gbé abẹ́rẹ́ lé e. Báàsì wọlé, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ní láti ìta, “Àtẹ́wọ́ wa nìyẹn.”

Àṣé ẹ̀gbọ́n wọn ló kó Bàbá àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ sí sítúdíò ní Èkó, pé kí wọ́n wá pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa á títí ọwọ́ fi wú. Wọn ò gbọ́ orin náà mọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Bí ohùn olóògbé ṣe wọlé, Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sunkún.

Nígbà tí orin parí, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà béèrè bóyá kí òun wọlé mú àwo jáde. Bàbá dìde, wọ́n fi etí jalabíà nu ojú.

“Kò sẹ́ni tó jó nílé yìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n tan án. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ gbọ́.”

Olórí ẹbí ló sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin náà túká. Alhaja fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá ní kí n má gbé orin náà jáde títí opó á fi parí. Opó ti parí báyìí, Alhaja àti Bàbá sì ti fọwọ́ sí i, ìdí nìyí tí ẹ fi rí i nísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀: orin tí a bá wá rí, ó lẹ́ni tó ni ín, ẹ béèrè kí ẹ tó tan án. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni orin àtijọ́ ti kó sí wàhálà rí, ta ló sì gbà yín sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Alhaja ti ní fóònù tó ń wọ pééjì yìí, Bàbá náà ń jókòó tì wọ́n kà á.