Ìyá Ìwọ̀n àti Ọ̀gá Kò-Wúwo

Kí obìnrin yìí tó di ẹni tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Ìyá Ìwọ̀n, aṣọ ló ń rán nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ fún oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì so tírélà kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá Kò-Wúwo ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà lẹ́yìn. Bí ẹrù bá ti tẹ táyà mọ́lẹ̀ tí awakọ̀ sì ń ráhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Kò wúwo. Máa lọ."

Lọ́jọ́ burúkú ọjọ́sí, ọkọ rẹ̀ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n sọ díẹ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n tí tírélà náà lè gbé wà lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ iwájú rẹ̀, àwọn àpò tó wà lórí rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí. Ọ̀gá ní kò wúwo. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ajá, ó sì wọ́ ọkọ̀ sínú kòtò. Wọ́n yọ ọkọ rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ara rẹ̀ kò mọ nǹkan kan mọ́.

Níwájú adájọ́, ọ̀gá búra pé awakọ̀ ló di ẹrù lé ẹrù láìjẹ́ kí òun mọ̀. Àwọn alágbàṣe tó di ẹrù náà wà níbẹ̀, kálukú ń wo ilẹ̀. Bí ẹ̀bi ṣe já lé ẹni tí kò lè dìde nìyẹn. Obìnrin náà kò sunkún. Ẹnu ọkùnrin yẹn ló ń wò, bó ṣe ń ṣí tó ń padé. Àwọn èèyàn ní kó fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní àmín, ṣùgbọ́n kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ lójú títì, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀ sórí ìwọ̀n, nígbà tó yá, òun ni wọ́n gbé jókòó sẹ́yìn gíláàsì láti máa ka ìwọ̀n. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan, kí ayé má baà ní ó ń dọdẹ ẹnì kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó kó búlọ́ọ̀kù kọjá ìwọ̀n rò pé ọmọ ìyá làwọn, ṣùgbọ́n obìnrin náà dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ni Kò-Wúwo ń gbà ní gbogbo àsìkò yìí, kó má baà gun ìwọ̀n. Àmọ́ ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Òjò wó afárá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ náà yọ. Kí obìnrin náà tó rí ojú ẹnikẹ́ni ló ti rí táyà tírélà tó tẹ́ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ó ní kí wọ́n gun orí ìwọ̀n. Nígbà tó rí iye tí ìwọ̀n kọ, ó pe ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n jọ jáde.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò dá a mọ̀.

"Ìyá wa, ẹ ṣàánú wa. Kò kúkú wúwo tó bẹ́ẹ̀."

"Ta ló di ẹrù yìí, sà?"

"Awakọ̀ mi ni. Èmi gan-an ò mọ̀."

Obìnrin náà yíjú sí awakọ̀ tó dúró síbẹ̀ tó ń fọwọ́ yí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó di ẹrù ni òfin ń mú. Tó o bá dákẹ́, ìwọ ni."

Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá ló ní kí wọ́n dì í, mà. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò wúwo."

"Ọkọ mi wà nílé tó sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí wọn ò gbà á gbọ́," obìnrin náà wí. Ìgbà yẹn ni ojú ọ̀gá wálẹ̀, tó sì wò ó dáadáa. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Òfin ní ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ mira títí àpọ̀jù ẹrù á fi kúrò lórí rẹ̀. Kò sí alágbàṣe nítòsí, ọlọ́pàá sì ti mú awakọ̀ wọlé láti gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá bọ́ agbádá. Àpò kan, àpò kejì, ó ń gbé e nínú oòrùn títí sìmẹ́ńtì fi sọ ọ́ di eégún. Obìnrin náà gbé àga jáde, ó jókòó síbi òjìji. Nígbàkígbà tí ọkùnrin náà bá dúró mí hẹlẹhẹlẹ, obìnrin náà á sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Kò wúwo, sà. Ẹ máa gbé e."

Bí igi ńlá bá wó, ewúrẹ́ pàápàá á gun ún. Àwọn alágbàṣe tó wo ilẹ̀ níjọ́sí rí ohùn wọn, wọ́n lọ jẹ́rìí. Ilé ẹjọ́ tún ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì rán Kò-Wúwo lẹ́wọ̀n.

Nígbà tó ròyìn ti sìmẹ́ńtì fún ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó wá tó báyìí?"

"Kò tó," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ì bá tún gbé e dọ̀la."

"Èmi ti gbàgbé ojú ẹ̀. Ìwọ lo mú un wá sínú yàrá yìí, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jọ ń gbé."

Lọ́jọ́ ìsinmi obìnrin náà, ó ra ọsàn kan, ó lọ dúró síwájú ọgbà tí Kò-Wúwo ti ń ta sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ti fi ṣẹ́ẹ̀nì tì. Ó bó o, ó mu ún tán síbẹ̀, ó tu kóró rẹ̀ sẹ́nu géètì. Ọsàn náà dùn, kò ní purọ́. Ó wá nu ọwọ́, ó yára padà sílé, torí ó ti tó àkókò láti yí ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.