Téèpù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Ó Ṣófo

Kí ẹnikẹ́ni tó máa fi ẹ̀rọ ṣe orin nílùú yìí, èmi ti ń ṣe é. Ìwé kejì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kò sí rédíò tó wọ Òṣogbo tí n kò lè tú palẹ̀ kí n sì tò ó padà. Àwọn tó kàwé ló ń gbé tiwọn wá bá mi.

Orin tèmi kò ní ìlù, kò ní ọ̀rọ̀. Mo máa ń gbé rẹ̀kọ́dà lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kí n lọ gba ìró òjò lórí páànù ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí. Bí mo bá délé, màá gé téèpù náà, màá lẹ orí rẹ̀ mọ́ ìdí, màá fi yí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀kọ́dà ká, kí òjò kan náà lè máa yípo láìdúró. Màá wá dín eré rẹ̀ kù, òjò á máa dún bí ẹni tó sùn lọ fọnfọn. Ìró rédíò tí kò tíì mú ibì kankan ni màá fi sábẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ṣe ọ̀kan tó kún téèpù kan. Ta ló tún ṣe irú ẹ̀ nígbà náà? Kó jáde wá.

Olùkọ́ kan ní Iléṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní eré orí ìtàgé gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, èyí la máa fi ṣí eré wa. Ẹ gbé e wá ní Sátidé.” Tẹ́lẹ̀, nítorí rédíò ni wọ́n ṣe ń pè mí lọ́gàá. Ti orin ò tíì sí níbẹ̀ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ ra bátìrì lọ́jà. Lágboolé wa, ẹ̀gbọ́n kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àbúrò, wọ́n kàn ń mú un ni. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá mi, wọ́n gbé rẹ̀kọ́dà tòun ti téèpù orí rẹ̀, ó di mọ́ṣáláṣí, níbi tí ààfáà àlejò kan ti ń ṣe wáàsì. Ìgbà tí mo dé, wáàsì ọ̀hún ni wọ́n ń fi rẹ̀kọ́dà mi gbọ́ lójúde, èèyàn jókòó yí wọn ká.

“Ẹ̀gbọ́n, téèpù wo lẹ lò?”

“Èyí tó wà lórí ẹ̀ náà ni.”

“Iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀.”

“Iṣẹ́ wo? Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mi ò kánjú. Mi ò gbọ́ orin, mi ò gbọ́ èèyàn, ó kàn ń dún ṣìì. Téèpù tó ṣófo ni.”

Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín. “Ọkọ mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Òjò á tún rọ̀, ẹ ó tún gbà á.”

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Kí ni àbúrò fẹ́ sọ?

Ìparí téèpù ni wáàsì ò dé, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyẹn náà ni mo gbé lọ sí Iléṣà. Mo tàn án fún olùkọ́ náà.

“Ọ̀gá, kí èrò tó jókòó tán, èyí ti parí.”

Fèrè àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n fi ṣí eré. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo gbé rẹ̀kọ́dà lé itan.

Wáàsì yẹn gbayì ládùúgbò wa. Wọ́n ní ohùn ààfáà mọ́ gaara. Ta ló tún ẹ̀rọ tó gbà á ṣe? Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí.

“Wọ́n ní ariwo kan ń dún ṣìì lẹ́yìn àdúà ìparí. Bá wa pa á rẹ́.”

Mo jókòó níwájú wọn, mo pa á rẹ́. Mo sì ṣe é dáadáa, torí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yẹn tó mi.