Nusrat àti Ọ̀gá Ọláwọlé Nídìí Sáfà

Láti ọjọ́ tí Nusrat ti wọṣẹ́ níléeṣẹ́ oògùn ikọ́ kan ní Ọgbà ni Ọ̀gá Ọláwọlé ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá náà, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í gbóhùn sókè. Òun ló ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ wà nínú ẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá fẹ̀yìn tì, àwọn aláṣẹ ní kí Nusrat pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ nínú sáfà sí tuntun. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún sẹ́tìn, àwọn ìlà àṣẹ tí sáfà ń tẹ̀lé, ṣe, torí ẹ́ńjìnnì tuntun ò mọ òmíràn mọ́ nínú àwọn ti àtijọ́. Ọ̀gá Ọláwọlé ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo wọn. Ojú ń ti Nusrat. Báwo lèèyàn ṣe ń wọ yàrá àgbà lọ máa kó ẹrù síta?

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó."

Bàbá gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ní iṣẹ́ mi ò dáa ni?"

"Rárá o, sà. Mi ò fẹ́ yọ ohun tí mi ò mọ ìdí ẹ̀ ni."

Ọkàn bàbá rọ̀. Ní Sátidé, tí ẹ̀rọ gbogbo sinmi, wọ́n jọ jókòó. Bàbá ń tọ́ka, Nusrat ń yọ. Nígbà tó kan ìlà kan, bàbá dì í lọ́wọ́ mú.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí sáfà kọ nǹkan sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Iná wa kì í dágbére kó tó lọ."

Wọ́n ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́. Nusrat fẹ́ pa sáfà, bàbá ní kó ṣe sùúrù kí sáfà kọ èyí tó kù tán: "Jẹ́ kó gbé tẹnu ẹ̀ mì kó tó sùn."

Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i. Sáfà ò dìde. Nusrat figbe ta.

"Yéè! Ọ̀gá, mo ti bà á jẹ́!"

"Ka ohun tó ń sọ lójú ẹ̀rọ ná."

Sẹ́tìn àtijọ́ kan ló ṣẹ́ kù. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo fojú fò ó!" Nusrat pa á rẹ́, sáfà dìde, gbogbo àkọsílẹ̀ sì wà digbí.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó ní, "Nusrat ló ṣe é. Èmi kàn jókòó tì í ni."

Bàbá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí Iléyá bá dé, Nusrat a gbé ẹran lọ sílé rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, wọn a sì jọ tàkúrọ̀sọ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Sáfà kì í sábà jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ wọn.