Iná Tó Lọ Sókè Àjà

Ẹ fi ohunkóhun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ ti Hezekiah oníṣẹ́ fọ́tò ní Adégbayì. Ẹni tó bá fẹ́ràn kámẹ́rà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Lọ́dún 1992, bí Hezekiah bá ya ènìyàn nínú ilé, fíláàṣì rẹ̀ a gbá wọn lójú gbàà. Ojú a funfun bí ẹfun, ẹyinjú a pọ́n, òjìji ńlá a sì dúró sára ògiri lẹ́yìn wọn bí ẹni tó fẹ́ jí wọn gbé. Àwọn ará ìjọ rẹ̀, Kérúbù àti Séráfù, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bùròdá Hezekiah, ẹ̀dá wo lẹ yà pọ̀ mọ́ wa yìí?"

Ó dùn ún wọra. Ìgbà tí Josiah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yá ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò, rí ọ̀kan tí òyìnbó ti ń kọ́ni ní fọ́tò yíyà, Hezekiah sọ ilé Josiah di ilé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin náà ń sáré ju etí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò nílò ògbufọ̀. Òyìnbó yìí ò kọjú fíláàṣì sí ẹnikẹ́ni! Ó yí orí fíláàṣì náà sókè, ó tan iná sí àjà, ìmọ́lẹ̀ sì rọra padà wálẹ̀ sórí obìnrin tó jókòó, bí ìgbà tí oòrùn àárọ̀ bá ń yọ nínú kùrukùru. Áà, ẹ wo ọgbọ́n! Hezekiah ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn títí àwòrán fi ń gbọ̀n.

Ó dán an wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí wọ́n kun àjà rẹ̀ ní funfun. Fọ́tò náà rẹwà débi pé ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an gba méjì. Láti ọjọ́ náà, nínú ilé, Hezekiah ò kọjú fíláàṣì síwájú mọ́.

Nígbà òjò ọdún 1994, Jìmí, àgbẹ̀ kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, wá pè é. Ìyá rẹ̀, Màmá Àjọkẹ́, ń ṣàìsàn. Màmá ò ya fọ́tò rí láyé wọn, torí iná rẹ̀ ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà.

"Má fọ́ mi lójú o," ni wọ́n wí látorí ẹní. "Ojú yìí ni n ó fi rí Jésù."

"Màmá, òkè ni iná á kọjú sí. Ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀."

"Bó o bá yà mí dáadáa, n ò kú mọ́. N ó wá ọkọ míì."

Jìmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọ sùtánà funfun fún ìyá rẹ̀, ó dé fìlà àdúrà lé wọn lórí, ó gbé wọn jókòó ti ògiri. Hezekiah yí orí fíláàṣì sókè bí òyìnbó ti ṣe é. Ó yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n fíìmù ò tíì tán nínú kámẹ́rà, kò sì sẹ́ni tó ń fọ fíìmù tí kò tíì tán. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbé e lọ sí àárín ìlú Ìbàdàn. Kó tó gbà á bọ̀, Màmá ti kú. Sùtánà yẹn náà ni wọ́n fi sin wọ́n.

Jìmí dúró tì í nígbà tó ń ya àpò ìwé tí wọ́n kó fọ́tò náà sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú kirikiri. Fìlà kan ń hàn fírífírí lókè, sùtánà ń hàn fírífírí nísàlẹ̀. Láàárín méjèèjì, òkùnkùn.

"Ojú ìyá mi ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni Hezekiah rántí yàrá náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná nígbà òjò, láti kékeré Jìmí. Àjà amọ̀ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Iná gòkè, kò bọ̀. Òyìnbó ò sọ ti ilé eléèéfín, àbí ó sọ ọ́, tí Hezekiah ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

"Ìyá mi jókòó síwájú rẹ," ni Jìmí wí, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ròkè, "o wá lọ tan iná fún àjà. Ìyàwó mi lóyún. Ọmọ yẹn á béèrè bí ìyá àgbà ṣe rí. Kí ni kí n fi hàn án?"

Kò gba fọ́tò náà. Hezekiah fi ọ̀kan sí férémù, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Títí di òní, bó bá wọ yàrá ẹnikẹ́ni, àjà ló kọ́kọ́ ń wò kó tó kí wọn.

Bí ẹ bá gba Adégbayì kọjá, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà gbójú sókè sí ògiri, kí ẹ wá ojú Màmá Àjọkẹ́ fúnra yín.