Ọwọ́ Tó Ń Yọ́ Òjé

Mi ò tíì rí ẹni tó ń bọ èèyàn lọ́wọ́ bíi ti àbúrò bàbá mi, tó ń yọ́ òjé bátìrì mọ́tò nídìí rélùwéè ní Òṣòdì, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á fà mí dìde, á sì fún ọwọ́ mi gírígírí títí n ó fi kígbe pé, "Bùrọ̀dá, ó ń dùn mí o!"

Nírọ̀lẹ́, á gbé epo pupa mu. "Epo laporó. Èéfín òjé ò lè ṣe mí ní nǹkan kan."

Epo ò dá nǹkan kan dúró. Nígbà tí òjé dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, wọ́n fa oògùn tó ń di òjé mú sí i lára, kó lè bá ìtọ̀ jáde. Lójijì, pajápajá mú un. Ọwọ́ rẹ̀ tí mo dì mú gan mọ́ tèmi.

"Oògùn yẹn ti kó kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ òjé," ni dókítà wí. "Iṣan rẹ̀ ò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ mọ́." Ó sáré lọ wá abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù.

Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ọwọ́ náà tú. Kí dókítà tó dé, ó tú, kò sì mí mọ́.

Mo tún fi ọwọ́ mi sínú tirẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ fún ọwọ́ mi. Ẹ fún un kó dùn mí."